Láti Òkè Òkun sí Etí Òkun: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọmọ Tí Ń Ṣiṣẹ́ Nílẹ̀ Òkèèrè

Ibi kíkà: Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 11:27–30, I Kọ́ríńtì 16:1–4, II Kọ́ríńtì 8:18–21.

Bí ẹ bá ti jókòó, tí ẹ sì ti fi omi tútù panu, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ìjọ Òṣíẹ̀lẹ̀ ni yóò máa kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀rọ̀ apẹja. Òótọ́ ni, àgbẹ̀ ni wá. Ẹni tí ó bá ti Abẹ́òkúta jáde tí ó gba ọ̀nà Ìbàdàn, oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo ni yóò rí kí ó tó kan ilé wa, kò ní rí òkun. Ẹja tí à ń rà ní ọjà wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti gbẹ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ti fìdí kalẹ̀ sí Òṣíẹ̀lẹ̀, àwọn ọmọ etí òkun ń wá kàwé lọ́dọ̀ wa, pàápàá àwọn ọmọ Ìlàjẹ láti ìpínlẹ̀ Oǹdó. Púpọ̀ nínú wọn, inú aṣọ funfun ni a bí wọn sí. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí wọ́n bá lò níhìn-ín, wọn kì í wulẹ̀ béèrè ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìró agogo ni wọ́n ń tẹ̀ lé wá.

Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Arábìnrin náà kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa fún ọdún mẹ́ta, ohùn rẹ̀ sì ni a fi ń gbé orin àárọ̀. Ní ọdún 2022, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn àjèjì tí yóò máa tọ́jú arúgbó àti aláìlera, ó bá ọ̀nà náà lọ. Òru ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sí jù. Yóò gbé arúgbó dìde, yóò wẹ̀ ẹ́, yóò bọ́ ọ, yóò pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa lórí fóònù pé, "Bàbá, bí ìyá tèmi bá ṣàìsàn ní alẹ́ yìí, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò ṣe èyí fún wọn." Kí ẹ má baà rò pé ọ̀nà náà ṣì rí bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ pé ẹni tuntun tí ń bọ̀ fún iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ dání. Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tí ó wà lẹ́yìn òde pátápátá. Àwọn tí wọ́n ti wọlé ni wọ́n wọlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, arábìnrin wa fi owó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nílé. Ẹ́ńjìnnì alágbára ogójì ẹṣin ni, irú èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ láti fi la ìgbì kọjá. Inú ilé dùn. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi ṣe ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ọdún náà tó parí, ẹ́ńjìnnì ti wà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹja kan, gẹ́gẹ́ bí ìdógò.

Nígbà tí arábìnrin wa gbọ́, ó bínú débi pé kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé fún oṣù márùn-ún. Ìyá rẹ̀ ni ó pè wá. Ohùn mama náà kò ga. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe nítorí owó. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe yára dá ẹ̀gbọ́n náà lẹ́bi. Àwa náà ti fẹ́ dá a lẹ́bi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a wádìí, kò ta ẹ́ńjìnnì, kò mutí, kò fẹ́ ìyàwó tuntun. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ń jẹun. Ọkọ̀ alájẹ̀, apá ni ó ń jẹ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, bẹntiróòlù ni. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Jálá epo tí kò tó 200 náírà fo kọjá 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 sì fi ń parí lọ, ó ti lé ní 1,000. Apẹja kì í ra epo lítà kan tàbí méjì. Inú kẹ́ẹ̀gì ni ó ń rà á sí, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, kí ó tó mọ̀ bóyá òkun yóò fún un ní nǹkan lọ́jọ́ náà. Ó yá owó epo, ó lọ, kò rí ẹja. Ó tún yá, ó tún lọ, ó rí díẹ̀. Àwọ̀n rẹ̀ sì ti gbó, nítorí owó ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó wá, owó àwọ̀n kò bá a wá. Ẹni tí ó ń yá a lówó epo wá gbé ẹ́ńjìnnì. Tí a bá fún ènìyàn ní ẹṣin tí a kò fún un ní koríko, ẹṣin náà kò ní pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àròjinlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìrìn àjò apẹja kì í ṣe tuntun. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Ìlàjẹ ti ń wa ọkọ̀ lọ sí Bakassi, sí ilẹ̀ Kamẹrúùnù, àní títí dé Gàbọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń kọ́ ahéré sí etí omi níbẹ̀. Àwọn Fàǹtí àti Éwé láti ilẹ̀ Gánà náà rìn káàkiri etí òkun yìí bákan náà. Àwọn Ègùn láti ilẹ̀ Dàhómì, tí à ń pè ní Benin láti ọdún 1975, ni wọ́n wá sí Mákòko ní Èkó. Ẹ sì wo iṣẹ́ Olúwa: láti ọwọ́ irú àwọn apẹja Ègùn bẹ́ẹ̀ ni Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, tí Wòlíì Oshoffa dá sílẹ̀ ní Pọ́tó-Nófò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, gbà wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní nǹkan bí 1950. Kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú ni ó gbé e wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òyìnbó oníwàásù. Àwọn tí ń wá ẹja ni. Ẹ̀yin ará wa láti ìjọ náà tí ẹ wà níjokòó lónìí, ẹ mọ ìtàn yìí jù wá lọ.

Àwọn ará ìṣáájú wọ̀nyẹn náà ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyí: ẹja ni wọ́n ń pa ní ẹ̀yìn odi, ẹja náà ni wọ́n ń pa nílé. Ẹni tí ó wà ní Kamẹrúùnù mọ iye tí a ń ra àwọ̀n. Ó mọ oṣù tí òkun ń le àti oṣù tí edé ń wá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pín èrè, wọ́n ní ètò. Láàrin àwọn Fàǹtí àti Éwé, wọn yóò kọ́kọ́ yọ owó epo àti owó oúnjẹ kúrò. Lẹ́yìn náà wọn yóò pín ìyókù, apá kan fún ẹni tí ó ni ọkọ̀, àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì, apá kejì fún àwọn tí wọ́n jọ fà á. Ẹ kíyèsí i pé àwọ̀n ní ìpín tirẹ̀ bí ènìyàn. Ìpín àwọ̀n ni wọn yóò fi ra àwọ̀n mìíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ya.

Arábìnrin wa kò mọ gbogbo èyí. Ọmọ apẹja ni, ṣùgbọ́n ilé ìwé ni a rán an lọ. Nígbà tí ó fi owó ránṣẹ́, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ra, ohun tí a lè ya fọ́tò rẹ̀. A kò fi bú u. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Hiúsítọ̀nù tàbí ní Ítálì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ara yín: ọmọ náà mọ ohun tí a ń pè ní àpò sìmẹ́ǹtì kan nílẹ̀ yìí lónìí? Ó mọ owó ajílẹ̀? Bí ẹ kò bá sọ fún un, ta ni yóò sọ?

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ Ayétòrò díẹ̀. Kì í ṣe Ayétòrò Yewa tí àwa ará Ògùn mọ̀. Ayétòrò ti Ìlàjẹ ni à ń wí, ìlú kan ní etí òkun gan-an, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìlú Ayọ̀. Àwọn Aládùúrà bíi tiwa ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ara Kérúbù àti Séráfù, ẹgbẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925, ni wọ́n ti ya wá. Wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Inúnibíni lé wọn kúrò láàrin àwọn ará ilé wọn, wọ́n sì lọ dúró lórí ẹrẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1947. Ẹ rí i pé ọdún kan náà ni pẹ̀lú ti Pọ́tó-Nófò. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí, pákó ni wọ́n sì tẹ́ ṣe òpópónà.

Ohun tí ó mú kí àwọn òyìnbó onímọ̀ máa wá wò wọ́n ni pé wọn kò ní àpò owó méjì. Ẹja tí gbogbo ìlú bá pa, owó rẹ̀ ń wọ àpò kan, àpò náà ni ó ń bọ́ wọn tí ó sì ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Owó ẹja yìí ni wọ́n fi tan iná mànàmáná ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń lo àtùpà elépo. Wọ́n kan ọkọ̀ ńlá fúnra wọn. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, wọ́n fi ètò àpò kan sílẹ̀, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe tirẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Stanley Barrett kọ odidi ìwé kan lórí bí ìlú náà ti dìde àti bí ètò náà ti wó, ó jáde ní ọdún 1977. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sí ètò náà. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé ẹlẹ́bí púpọ̀ rí mọ ìdí tí irú àpò bẹ́ẹ̀ fi ń ya. Ṣùgbọ́n a rí ohun kan níbẹ̀: nígbà tí àpò kan náà ṣiṣẹ́, ẹni tí ń pa ẹja àti ẹni tí ń ná owó jọ ń gbé ìlú kan ni. Bí àwọ̀n bá ya ní àárọ̀, ẹni tí ó ń ṣọ́ àpò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lónìí, ẹni tí ó ni owó wà ní ibi tí òjò dídì ń rọ̀, àwọ̀n tí ó ya sì wà ní Ìlàjẹ. Agbedeméjì wọn ni báńkì, fóònù àti ẹnu àwọn ènìyàn. Báńkì náà ń mú tirẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Báńkì Àgbáyé ní àwọn ọdún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, kò sí ibòmíràn láyé tí ó wọ́n láti fi owó ránṣẹ́ sí bí ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú: bí ènìyàn bá fi 200 dọ́là ránṣẹ́, nǹkan bíi 16 ni ó ń bọ́ sí ọ̀nà. Owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún ń tó nǹkan bí 20 bílíọ̀nù dọ́là. Ẹ bá wa fi ọgbọ́n ṣe ìṣirò iye tí ó ń dà sọ́nà. Nítorí náà ni a ṣe gba arábìnrin wa nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe máa fi díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnìkan bá ti pè é. Kí ó dì í pọ̀, kí ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ṣùgbọ́n owó tí ń bọ́ lẹ́nu ènìyàn pọ̀ ju ti báńkì lọ, ìjọ wa sì ní láti jẹ́wọ́ ohun kan níhìn-ín.

Ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn, omi òkun wọ ilé àwọn ìdílé kan tí ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wa. Àánú ṣe wá. A gba ọrẹ àkànṣe, àwọn obìnrin inú ìjọ tilẹ̀ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn sínú igbá. A kó owó náà lé arákùnrin kan lọ́wọ́, olóòótọ́ ènìyàn, ẹni tí a lè fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́. Òun nìkan ni a rán. A kò kọ orúkọ àwọn tí yóò gbà á sílẹ̀, a kò bá olórí kankan níbẹ̀ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ó pín in fún àwọn tí ó bá nílé. Àwọn kan wà lójú omi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gbọ́ pé owó ti Òṣíẹ̀lẹ̀ wá, wọn kò sì rí nǹkan kan. Wọ́n ní ó kó o jẹ. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Kò ní ìwé tí ó lè fi gbèjà ara rẹ̀, àwa náà kò ní. Àwọn kan nínú wa wò ó ní ìwò àìdáa. Kò tún wọ ìjọ wa mọ́ títí ó fi sùn nínú Olúwa. Àwa tí a rán an ni a jẹ̀bi, a sì ń sọ ọ́ ní gbangba ní àjọ̀dún yìí kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè gbọ́.

Ẹ padà sí ibi tí a kà. Nígbà tí Ágábù sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyàn ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Áńtíókù dá owó jọ fún àwọn ará Jùdíà, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ti tó. Ènìyàn mélòó ni wọ́n fi rán? Méjì ni, Bánábà àti Sọ́ọ̀lù. Ẹ tún wo ti Kọ́ríńtì. Pọ́ọ̀lù ni ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá owó fún Jerúsálẹ́mù, síbẹ̀ kò ní kí wọ́n kó o fún òun. Ó ní kí wọ́n yan àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí, kí òun fi ìwé rán wọn lọ. Nínú ìwé kejì, ó sọ ìdí rẹ̀ gbangba: òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀sùn kà sí àwọn lọ́rùn nínú ọ̀rọ̀ owó ńlá yìí, ohun tí ó tọ́ níwájú Olúwa gbọ́dọ̀ tọ́ lójú ènìyàn pẹ̀lú. A ti ń ka ibi yìí ní gbogbo ọdún ìkórè. Ojú ìkórè ni a fi ń kà á, a kò rí i pé ìwé ìṣirò ni Pọ́ọ̀lù ń kọ́ wa. Kì í ṣe pé kò fọkàn tán ara rẹ̀. Ó ń dáàbò bo ẹni tí ó gbé owó lọ́wọ́, bí ó ti ń dáàbò bo ẹni tí yóò gbà á.

Ohun tí a ṣe fún arábìnrin wa kò ju ìyẹn lọ. A so òun àti ìyá rẹ̀ pọ̀ lórí fóònù, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Ìyá Ìjọ abúlé wọn. Àwa kàn jókòó tì wọ́n ni. Ìbéèrè tí a ní kí ó bi wọ́n kò ju ọ̀kan lọ: "Kí ni ẹ fẹ́?" Ní gbogbo àkókò tí ó ti ń fi owó ránṣẹ́, kò bi wọ́n rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọrọ àforíjì, ó sì sọ iye gbèsè tí ó wà lórí ẹ́ńjìnnì. Kí arábìnrin wa tó lè dáhùn, mama dá sí i. Wọ́n ní kí ọmọ wọn má ṣe san gbèsè ẹ́ńjìnnì náà tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Ọkùnrin ni ó ń lọ sójú omi, ṣùgbọ́n owó obìnrin ni ó ń tì í lọ." Wọ́n wá ṣe àlàyé. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, obìnrin ni ó ń ra ẹja tútù ní etí omi, òun ni ó ń yan án, òun ni ó ń gbé e lọ fún àwọn alájàpá ní Igbókọ̀dá. Obìnrin tí ó bá ní owó lọ́wọ́ lè yá apẹja ní owó epo lónìí kí ó gba ẹja lọ́la, láì gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò tí ó gba ìdógò yẹn, àyè tí àwọn ìyá kò lè dí ni ó rí wọ̀. Mama ní bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun márùn-ún bá ní ààrò tí ó dára àti owó díẹ̀ láti fi ra ẹja, ẹ̀gbọ́n náà yóò fi ẹja san gbèsè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwa ọkùnrin inú yàrá náà wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tí ó ti ronú kan obìnrin nínú ọ̀rọ̀ ẹja náà.

Nípa ti ààrò, a béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí ń bá wa jọ́sìn, wọ́n sì sọ fún wa nípa ààrò Chorkor. Chorkor jẹ́ abúlé apẹja kan ní Accra ní ilẹ̀ Gánà. Ní nǹkan bí 1970 ni àwọn obìnrin ibẹ̀ àti àwọn onímọ̀ oúnjẹ jọ tún ààrò ìbílẹ̀ wọn ṣe. Amọ̀ ni a fi ń mọ ọ́ ní igun mẹ́rin, pẹ̀lú ẹnu méjì fún igi ìdáná. Àtẹ onípákó tí a fi wáyà tẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n ń tò lé orí ara wọn, bí ẹni to àpótí. Àwọn àtẹ náà fúnra wọn ni wọ́n di ògiri tí èéfín àti ooru ń gbà gòkè. Igi tí ó ń jẹ kéré sí ti àtijọ́, ẹja tí ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ jù ú lọ, ojú àwọn obìnrin kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí èéfín. Ó ti tàn káàkiri etí òkun Áfíríkà. Inú wa dùn, a yàwòrán rẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí mama.

Ìdáhùn tí ó padà wá mú wa dákẹ́. Kí ẹ lè lóye rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òkun ń ṣe ní ibẹ̀. Etí òkun Ìlàjẹ kì í ṣe ti iyanrìn bíi ti Badagry. Ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ kì í sì í di omi mú. Òkun àgbáyé ń ga sí i, ilẹ̀ náà ń rì, àwọn odò tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ní àgbègbè náà ní àwọn ọdún 1970 fún iṣẹ́ epo rọ̀bì sì jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú irà omi dídùn, tí igi àti ewéko rẹ̀ fi kú. Ní Ayétòrò, òkun ti gbé ilé lọ, ó ti gbé ilé ìwé àti ilé iṣẹ́ lọ, àwọn ènìyàn sì ti ń ṣí sẹ́yìn, wọ́n tún ń ṣí. Ní ọdún 2004 ni àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà omi ibẹ̀ síta. Ọdún lé ní ogún ti kọjá, òkun ṣì ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: bí gbogbo ọmọ Ìlàjẹ tí ó wà lókè òkun bá dá owó oṣù wọn jọ, wọn kò lè mọ odi fún òkun. Iṣẹ́ ìjọba ni. Ọmọ tí ń wẹ arúgbó lóru kò yẹ kí ó máa ru ẹrù ìyẹn mọ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bi gba owó ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni kí ó fi kún ti àwọn tí ń ké sí ìjọba.

Èsì mama nìyí, bí Ìyá Ìjọ ti kà á sí wa létí: ààrò náà dára, ọlọ́gbọ́n ni àwọn obìnrin Gánà, ṣùgbọ́n amọ̀ kò lè sáré. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣí ilé sẹ́yìn fún òkun, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi ààrò amọ̀ sílẹ̀ fún omi. Wọ́n ní kí a jọ̀wọ́ wá alágbẹ̀dẹ tí yóò fi irin dúrọ́ọ̀mù jó o pọ̀, kí ìdí rẹ̀ ní etí mẹ́rin tí ènìyàn mẹ́rin lè dì mú, kí ó sì gba inú ọkọ̀.

Alágbẹ̀dẹ ojú ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ ni ó jó méjì àkọ́kọ́. Arábìnrin wa fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ ní oṣù méjì. Orúkọ mẹ́ta ni ó wà lórí ìwé tí a fi gbà á: ti mama, ti Ìyá Ìjọ abúlé wọn, àti ti akọ̀wé ìjọ wa. Ìwé náà wà nínú àpótí ìjọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà á lè béèrè. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbé ààrò méjèèjì lọ sí Igbókọ̀dá, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀gbọ́n arábìnrin wa ni ó wá pàdé wọn ní etí omi. Kò tí ì gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà nígbà náà, àjẹ̀ ni ó fi wa àwọn ààrò náà délé.